Netflix fún ẹni tó fẹ́ràn Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé: ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí mo wá tì

Nítorí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, òṣèré fíìmù, ni mo ṣe ń san owó Netflix, ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lóṣooṣù. Àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ gbé e wọlé, wọ́n ń wo eré àwọn ará Kòríà àti ti òyìnbó, èmi kò sì dá sí i. Ìgbà tí mo gbọ́ pé fíìmù rẹ̀, King of Boys, wà níbẹ̀ ni mo ní kí wọ́n bá mi fi sórí fóònù tèmi, kí n máa fi owó ara mi san án. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, ẹni tó bá fẹ́ràn òṣèré yìí bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣé ohun tó máa bá níbẹ̀ tó owó tó máa san? Ó tó o. Ṣùgbọ́n apá kan iṣẹ́ obìnrin náà ni ẹ ó rí níbẹ̀. Apá àtijọ́ tó bí èyí tí ẹ ń wò yẹn, mo wá a títí, n kò rí i.

Iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ńlá títí di ìgbà tí VCD gba ìgboro. Ẹ ó kọ orúkọ yín sínú ìwé, ẹ ó fi owó ìdúró sílẹ̀, ẹ ó gbé Apá Kìíní lọ sílé. Bó bá dùn, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti padà wá fún Apá Kejì. Ẹni tí kò bá yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà, owó ìtanràn ni. Ohun kan tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ni pé oníbàárà kì í béèrè orúkọ fíìmù, orúkọ òṣèré ni wọ́n ń béèrè. "Ẹ fún mi ní ti Ọ̀gá Bello." "Ṣé ẹ ní tuntun tí Ìyá Rainbow wà nínú rẹ̀?" Obìnrin aláṣọ kan wà tó máa ń wá ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, òun á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyá Wálé, èyí tí Ṣọlá ti jà ni kí ẹ gbé fún mi."

Ìdí nìyẹn tí Netflix fi tètè bá mi lára mu. Ẹ lè fi orúkọ òṣèré wá ọjà níbẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya awò kékeré sí, ẹ kọ Sola Sobowale láìfi àmì kankan sí i, ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn á tò kalẹ̀ tòun ti àwòrán. Ó sì máa ń rántí ibi tí ẹ bá a dé. Bí iná bá lọ, tàbí tí àlejò wọlé, ìgbà tí ẹ bá padà dé, ojú ibi tí ẹ fi í sílẹ̀ sí gan-an ni yóò ti máa bá a lọ.

King of Boys ni ọjà gidi tó wà lórí àtẹ. Kẹ́mi Adétiba ló kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ló darí rẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ó sì dé ilé sinimá. Ó gùn, díẹ̀ ló kù kó pé wákàtí mẹ́ta. Ṣọlá ni Ẹniọlá Sàlámì, obìnrin olówó tí àwọn olóṣèlú ń wá sí àríyá rẹ̀, tó sì tún jẹ́ pé òun ni ọ̀gá lórí tábìlì àwọn ọ̀daràn Èkó, òun ni wọ́n ń kó ìṣákọ́lẹ̀ wá fún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun jẹ mínísítà. Àwọn olóṣèlú tó ti ń jẹ lára rẹ̀ tipẹ́ kò fẹ́ kó jókòó tì wọ́n ní gbangba. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀daràn ẹ̀wẹ̀, Mákànàkí tí Reminisce ṣe ti ń sọ pé ẹnì kan kò ní gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ òun mọ́. Wọ́n gbógun ti obìnrin yìí láti iwájú, wọ́n gbógun tì í láti ẹ̀yìn.

Àwọn kan a máa sọ pé Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ń pariwo jù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin, n kò gbà rí. Ẹni tó ń pariwo lásán kì í mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ. Ṣọlá mọ̀ ọ́n. Níbi tí Ẹniọlá bá ti jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, ẹ wò ó dáadáa: á jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn, ojú rẹ̀ á wà lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò ní kánjú. Òyìnbó ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, òyìnbó tútù tó yẹ olówó. Bí inú bá ti ń ru, Yorùbá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì, títí òyìnbó á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ̀ pé ẹnì kan máa fara gbọgbẹ́. Bí ìkòkò ṣe ń hó lórí iná igi ló ṣe ń ṣe é: ẹ ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ kó tó ru bo ọmọrí.

Ó ní ọmọ méjì nínú fíìmù náà, Kẹ́mi tí Adesua Etomi ṣe, àti Kítán tí Dèmọ́lá Adédoyin ṣe. N kò ní sọ ohun tó dé bá ilé wọn, nítorí ẹni tí kò tíì wò ó. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fetí sí igbe tí ìyá yẹn ké nígbà tí ìbànújẹ́ wọlé. Èmi tí mo ti gbọ́ igbe Ṣọlá nínú fíìmù tí n kò lè kà tán, n kò gbọ́ irú èyí rí. Abiyamọ ló ké e. Mo dá fóònù dúró, mo jáde síta lọ gba atẹ́gùn kí n tó lè máa wò ó lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọbìnrin mi. Ìgbà tí King of Boys jáde, Ṣọlá ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Nínú iṣẹ́ fíìmù tiwa, obìnrin tó bá ti dé ọjọ́ orí yẹn, ìyá ọkọ ni wọ́n máa fi ṣe, tàbí ìyá àdúrà, tàbí àjẹ́ tó máa jẹ́wọ́ kí fíìmù tó parí. Wọ́n á fún un ní ibi mẹ́ta tó ti máa sọ̀rọ̀, wọ́n á fún un lówó, ó di ilé. Kẹ́mi Adétiba gbé fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí mẹ́ta lé obìnrin àádọ́ta ọdún lórí, kò sì sí ọkùnrin kankan tó bá a gbé e. Mo ti ń retí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ta fíìmù. Àwọn oníbàárà mi, obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù, wọn ì bá ti ra irú rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnì kan bá ti ṣe é.

Ibo ni ó ti kọ́ ohùn yẹn? Ìdí tíátà ni. Ọmọ ìpínlẹ̀ Òǹdó ni, ẹgbẹ́ Àwàdà Kẹríkẹrì ló sì ti bẹ̀rẹ̀ eré, ẹgbẹ́ tí Òjó Ládipọ̀, Bàbá Mẹ́rò, fi sílẹ̀ nígbà tó kú, tí Adébáyọ̀ Sàlámì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọ̀gá Bello gbà darí. Ẹ̀yin tí ẹ bá wo tíátà ní gbọ̀ngàn láyé ọjọ́un á rántí. Ẹni tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá náà sanwó wọlé, ó gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwàdà sì ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tí gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó sọ èyí tó kàn, bí ẹ bá dúró pẹ́ jù náà, ó ti tutù. Ìdúró yẹn ni Ẹniọlá Sàlámì ń lò nígbà tó bá wo ènìyàn lójú tí kò tíì dáhùn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti wá á rò pé kámẹ́rà ni wọ́n fi ṣe é.

Ó wà nínú Asewo to re Mecca àti àwọn sinimá àgbéléwò mìíràn, ṣùgbọ́n eré tẹlifíṣàn Super Story ló sọ ọ́ di ará ilé gbogbo wa. Iléeṣẹ́ Wale Adenuga ló ń ṣe é, alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ, lórí NTA. Oh Father, Oh Daughter ni wọ́n pe ìtàn ọ̀hún, Tóyìn Tòmátò ni orúkọ Ṣọlá nínú rẹ̀, obìnrin tó wọlé gba ọkọ ọlọ́kọ tó sì sọ ilé onílé di ojú ogun. Lọ́jọ́bọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù, mo ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, torí kò sí ẹni tó máa wá yá nǹkan kan lákòókò yẹn. Bí ilẹ̀ Jímọ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ Tóyìn nìkan ni. Wọ́n ń bú u bí ẹni pé Mọ́kọ́lá ló ń gbé. Obìnrin aláṣọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní bí òun bá pàdé rẹ̀ lọ́nà òun á gbá a létí, lẹ́yìn náà ló tún ní kí n bá òun wá fíìmù rẹ̀ mìíràn. Ládùúgbò wa, títí di òní, obìnrin tó bá ń ba ilé onílé jẹ́, Tóyìn Tòmátò ni orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn náà ni ó kó lọ sí ìlú ọba nítorí ìtọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. A rí i nínú fíìmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà ń béèrè, èmi ń ní, "Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀." Ọ̀pọ̀ òṣèré ló rìn ìrìn bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn sì rọlẹ̀ síbẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi, ọmọ kò ṣe é fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí The Wedding Party jáde lọ́dún 2016 tí mo rí i níbẹ̀. Òun ni Tinúadé Coker, ìyá ìyàwó. Alibaba ni ọkọ rẹ̀, Adesua Etomi yìí kan náà ni ọmọ, Kẹ́mi Adétiba yìí kan náà ló darí rẹ̀. Owó tí fíìmù náà pa ní ilé sinimá lé ní 400 mílíọ̀nù náírà, kò sí fíìmù Nàìjíríà kankan tó pa tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Gbogbo wa la mọ irú ìyá ìyàwó tó ṣe yẹn: gèlè rẹ̀ ga ju ti gbogbo èrò, ó ń jó, ó ń pàṣẹ, ó ń fi ojú wọn àwọn àna láti òkè dé ilẹ̀. Eré tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó tẹ̀lé King of Boys, ẹ ó rí i pé olùdarí náà wo Tinúadé ní ojú tí àwa kò fi wò ó, ó rí Ẹniọlá lábẹ́ rẹ̀.

Ìtẹ̀síwájú King of Boys, tí wọ́n pè ní The Return of the King, Netflix gan-an ló gbé e jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, apá méje. Ẹniọlá padà dé láti ìgbèkùn, ó ní gómìnà Èkó lòun fẹ́ ṣe. Èrò mi ni pé wọ́n fà á gùn jù. Láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ oníwèé ìròyìn, ọ̀rọ̀ pásítọ̀ àti ọ̀rọ̀ olóṣèlú pọ̀ débi tí ènìyàn á fi jókòó wo apá kan fún ìgbà pípẹ́ kó tó rí Ṣọlá. Bí ó bá ti wọlé ṣá, ilé ti kún. Nse Ikpe-Etim ni ìyàwó gómìnà, ibi tí àwọn méjèèjì bá ti kojú ara wọn, ẹ má fo ibẹ̀. Ibi tó sì wú mi lórí jù ni tí Toni Tones, tó ń ṣe Ẹniọlá nígbà ọmọdé rẹ̀, bá ń yọ sí Ẹniọlá tó ti dàgbà, tó ń bá a jiyàn bí ẹ̀rí ọkàn. Ọmọbìnrin yẹn ti wo Ṣọlá dáadáa. Ó mọ bó ṣe ń gbé àgbọ̀n, ó mọ bó ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀ burúkú.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ni mo ní kí ìyá mi bá mi wò. Ìtàn ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Ṣọlá ni Awarun, obìnrin ọlọ́rọ̀ tó ń mọ ìkòkò, tó gba Saro tó ń hun aṣọ òkè sọ́dọ̀, tó sì sọ ọ́ di olólùfẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ nínú fíìmù náà bí mo ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni kò ti sí òyìnbó tó máa sá sí, kò sí ọkọ̀ ńlá, kò sí ìbọn, ohùn Yorùbá rẹ̀ nìkan ló kù. Bí ó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pọ́n ọmọkùnrin yẹn, tó ń fi ẹ̀rín bò ó, ìyá mi ní, "Obìnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe." Ìyá mi kì í yin òṣèré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó àti dátà wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Náírà ni Netflix ń gbà lọ́wọ́ wa ní Nàìjíríà, ẹ kò nílò dọ́là. Ètò tí owó rẹ̀ kéré jù, ti fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ni, kò ní gùn orí tẹlifíṣàn yín, bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ilé wò ó pọ̀, ẹ ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí fóònù, ẹ lọ sí ibi ètò inú áàpù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mobile Data Usage sí, ẹ mú Save Data. Pẹ̀lú ìyẹn, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni gígábáìtì kan máa gbé, èyí túmọ̀ sí pé odindi King of Boys kò ní jẹ ju nǹkan bí ìdajì gígá lọ. Àwòrán á dínkù díẹ̀ ní dídán, kò burú. Bí ẹ bá ní ibi tí wáífáì wà, níbi iṣẹ́ tàbí lọ́dọ̀ ọmọ, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù níbẹ̀, kí ẹ wá máa wò ó nílé láìlo dátà. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ kì í pẹ́ títí, àwọn mìíràn a parí láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi náà, ẹni tó yá kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dá a padà, n kò rí èyí bí ìyànjẹ.

Ẹ ra íyápíìsì. Èyí ṣe pàtàkì fún òṣèré yìí ju fún ẹlòmíràn lọ. Gbohùngbohùn kékeré tó wà lára fóònù, igbe nìkan ló lè gbé, kò lè gbé ohun tó wà ṣáájú igbe. Ìgbà tí mo fi íyápíìsì sétí ni mo tó gbọ́ bí Ẹniọlá ṣe ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ eyín, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò gbọ́, àwa nìkan ló sọ ọ́ fún.

Ohun tó dùn mí ni àwọn ọdún tí n kò rí lórí àtẹ wọn. Mo wá Tóyìn Tòmátò, n kò bá a. Mo wá àwọn sinimá àgbéléwò rẹ̀ láyé tí mo ṣì ń ta kásẹ́ẹ̀tì, n kò bá ọ̀kan. Ọmọ tó bá jẹ́ pé orí Netflix ló ti mọ Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé á gbà pé ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tó ti ṣe é ju ogún ọdún lọ kí ọdún yẹn tó dé. YouTube ni ẹ ti lè rí díẹ̀ lára àwọn ti àtijọ́, àwòrán wọn ti ṣá, ohùn ń já, ìpolówó sì ń já lu ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó sàn ju kó má sí. Kì í ṣe Netflix nìkan ni mo ń bá wí. Àwọn tó ni fíìmù wọ̀nyẹn, àwọn olùgbéjáde wa, ló yẹ kó wá kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, kí wọ́n tún un ṣe kó tó bàjẹ́ pátápátá, kí wọ́n sì gbé e lọ bá àwọn tó lówó. Mo mọ bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń bàjẹ́. Ọ̀rinrin ló ń pa á, funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Bí ẹ bá máa gba oṣù kan péré láti fi dán an wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí The Wedding Party, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ wo Aníkúlápó tẹ̀lé e. Kí ẹ wá fi alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan sílẹ̀ fún King of Boys ti 2018, ní àwòparí, ẹ má gé e sí méjì. Èyí tó ní apá méje lè dúró di oṣù kejì. Ìbọn wà nínú King of Boys méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ wà, èébú sì pọ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ kékeré ti sùn kí ẹ tó tan àn.